Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pẹ̀lú olùkọ́ ajá kan ní Sùúrùlérè

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kejì, ajá mi tí ń jẹ́ Tanímọ̀la rí àkùkọ kan tó ń họlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà ní àdúgbò wa nítòsí Bode Thomas, ó sì ta bí ọfà kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ṣéènì irin tí mo wé mọ́ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì ni ó fi wọ́ mi lulẹ̀, orúnkún òsì mi sì bó lórí kọnkéré débi pé ọmọ mi obìnrin ní láti gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn. Ajá náà kò bínú sí mi, kò tilẹ̀ mọ̀ pé mo ṣubú. Ojú rẹ̀, imú rẹ̀ àti etí rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àkùkọ. Ọjọ́ yẹn ni mo pinnu pé bí n kò bá rí ẹni kọ́ ọ ní ìrìn, mo ní láti fi í ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, ohun tí n kò sì fẹ́ ṣe rárá nìyẹn, nítorí láti ìgbà tí baálé mi ti papò dà ni ó ti jẹ́ pé òun ni ó ń bá mi ṣọ́ ilé, tó sì ń bá mi jí ní aago márùn-ún ìdájí.

Iṣẹ́ olùkọ́ ajá kan tó máa ń wá bá oníbàárà nílé ni mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ó wá láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ₦12,000 ni owó ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan, ó sì máa ń lò tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ mi lè fi í wọn olùkọ́ yòówù tí ó bá rí ní àdúgbò tirẹ̀, kí ó sì mọ ohun tó yẹ kí ó retí kí ó tó fi owó sílẹ̀.

Tanímọ̀la pé ọmọ ọdún méjì ní oṣù Kọkànlá tó kọjá. Ajá ìbílẹ̀ ni ìyá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì jẹ́ irú ajá Jámánì tí a ń pè ní ṣẹ́páàdì. Kílò 27 ni ó wọ̀n nígbà tí dókítà ẹran gbé e sórí ìwọ̀n. Baálé mi ni ó sọ ọ́ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe máa ń fi orúkọ ajá bá ayé sọ̀rọ̀. Kì í bu ènìyàn jẹ, kì í sì í gbó mọ́ àlejò tí a bá ti gbà wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí ohun tí kò lè gba ọkàn rẹ̀ lójú títì: ọ̀rá píọ́ wọ́tà tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri, jẹnẹrétọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaná, òórùn ẹran lórí iná onísúyà, ọmọdé tó ń sáré, àti kẹ̀kẹ́ Márúwá, èyí tí ó jẹ́ olórí gbogbo wọn.

Àwọn àgbà ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń pa òwe yìí fún ọmọ tó bá ń ṣe orí kunkun, ṣùgbọ́n nígbà tí mo jókòó wo ajá yìí dáadáa, mo rí i pé àìgbọràn kọ́ ni ó kọ́kọ́ ń ṣe é. Sẹ́ẹ̀lì tí ajá fi ń gbóòórùn nínú imú rẹ̀ lé ní 200 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ tiwa kò ju bíi mílíọ̀nù 5 sí 6 lọ. Òpópónà tí èmi ń rí bí ilẹ̀ gbígbẹ lásán, ọjà tó kún fọ́fọ́ ni fún un. Fèrè ọdẹ ń dún lóòótọ́, etí tó yẹ kó gbọ́ ọ ni ohun mìíràn ti kún.

Kí olùkọ́ yìí tó dé, ẹnìkan ti kọ́kọ́ wá, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ti ẹni náà nítorí irú rẹ̀ pọ̀ ní Èkó. Ẹni náà wá pẹ̀lú ṣéènì tó máa ń fún ọrùn bí ajá bá fà, ó sì mú igi kan dání. Nígbàkúùgbà tí kẹ̀kẹ́ bá kọjá tí Tanímọ̀la sì fẹ́ lọ, ó máa ń já ṣéènì náà gidi, ajá á sì ké. Lẹ́yìn wákàtí kan, ajá náà ń rìn lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú ìrù láàárín itan, ó sì sọ fún mi pé iṣẹ́ ti parí. Ọjọ́ kejì, nígbà tí èmi mú okùn, ó tún fà mí bí i ti àtẹ̀yìnwá. Èyí tó burú jù ni pé láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn mọ́ kẹ̀kẹ́, tó sì ń ṣí eyín, ohun tí kò ṣe rí. Olùkọ́ kejì ni ó là á yé mi: ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí kẹ̀kẹ́ bá kọjá ni ọrùn ajá náà ń dùn ún, nítorí náà ó so ìrora náà mọ́ kẹ̀kẹ́. Ó ní irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ni Ivan Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1904 fún iṣẹ́ rẹ̀ lórí bí oúnjẹ ṣe ń dà nínú ara, ṣàkíyèsí nígbà tí àwọn ajá tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́ kí oúnjẹ tó dé ẹnu wọn. Ohun tí ajá bá rí ṣáájú oúnjẹ á máa dùn mọ́ ọn, ohun tí ó bá sì rí ṣáájú ìrora á di ọ̀tá rẹ̀. Ó dùn mí púpọ̀ pé owó ara mi ni mo fi ra ọ̀tá yẹn fún un.

Nígbà tí olùkọ́ kejì wọlé, ó tó ogún ìṣẹ́jú tí kò fi ọwọ́ kan ajá náà. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, ó yí ẹ̀gbẹ́ sí i, ó sì jẹ́ kí ajá náà wá gbóòórùn bàtà òun nígbà tó bá wù ú. Ó bi mí léèrè ohun tó ń jẹ, ibi tó ń sùn, ẹni tó ń mú un jáde, àti ìgbà tó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi kẹ́yìn. Ó ní kí n mú káàdì abẹ́rẹ́ náà wá kí òun fi ojú ara òun rí i, nítorí òun kì í mú ajá tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti lé ní ọdún kan lọ sí ojú títì. Mo gbóríyìn fún un lórí èyí ju ohun gbogbo lọ. Ajá ni ó ń kó àrùn yìí bá ènìyàn nínú nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún ìgbà tó bá ṣẹlẹ̀, bí àmì rẹ̀ bá sì ti hàn lára ènìyàn, agbára káká ni ẹnikẹ́ni fi ń yè é. Olùkọ́ tí kò bá béèrè káàdì kí ó tó mú ajá yín jáde sáàárín àwọn ọmọ ọlọ́mọ, ẹ má ṣe bá a lọ.

Lẹ́yìn náà ni ó ní kí n mú Tanímọ̀la rìn láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, kí n sì padà. Mo rò pé ajá ni ó ń wò. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe. Ẹsẹ̀ yín ni mò ń wò.” Mo tún un ṣe. Ó wá sọ̀rọ̀ kan tó mú mi dákẹ́: ó ní ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ajá náà fa okùn, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá náà ni mo sì gbé ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí ajá bá fà tí ènìyàn sì tẹ̀ lé e, ibi tó fẹ́ lọ ló dé yẹn, fífà ló sì gbé e débẹ̀. Ọdún méjì ni mo ti fi ẹsẹ̀ ara mi kọ́ ọ pé bí a ṣe ń lọ síbi tó wuni nìyẹn. Ó tún fi kún un pé bí a bá fa ajá sẹ́yìn, ara rẹ̀ á fà síwájú láìròtẹ́lẹ̀, bí ènìyàn tí wọ́n tì lẹ́yìn ṣe máa ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà ṣubú. Nítorí náà, agbára tí mo ń lò láti dá a dúró tún ń lé e síwájú ni.

Ní ti ohun èlò, kò jẹ́ kí ó wọ́n mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ó gba ṣéènì irin náà lọ́wọ́ mi, ó sì ní kí n ra ìgbàyà ajá, èyí tí àwọn olùtajà ń pè ní hánẹ́ẹ̀sì, kí ó jẹ́ èyí tí òrùka rẹ̀ wà níwájú àyà. Bí okùn bá wà níwájú àyà tí ajá sì fà, ara rẹ̀ á yí padà sọ́dọ̀ ẹni tó mú un. Bí òrùka náà bá wà ní ẹ̀yìn nìkan, gbogbo èjìká rẹ̀ ni yóò fi fà bí ẹṣin tí wọ́n so mọ́ kẹ̀kẹ́ ẹrù. ₦18,000 ni mo ra tèmi. Okùn náà, mítà méjì, ni mo mú aṣọ okùn báàgì lọ fún aránbàágì kan ní Múṣin pé kó bá mi rán, ₦4,500 ni gbogbo rẹ̀, ó sì fẹ̀ ní ọwọ́ débi pé kò gé mi ní àtẹ́lẹwọ́ bí irin ti máa ń gé mi. Okùn tó ń fà jáde tó sì ń ká wọlé fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ni ó kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọ́dọ̀ rà, nítorí ìgbà gbogbo ni ó máa ń fà le díẹ̀ lọ́rùn ajá, ajá á sì mọ̀ pé bí òun bá fà, okùn á gùn sí i.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kò jáde rárá. Inú ọgbà ni a ti bẹ̀rẹ̀, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, nígbà tí géètì wà ní títì. Iwe adìẹ ni owó iṣẹ́ tí a ń san fún Tanímọ̀la, mo sì máa ń sè é lálẹ́ láì fi iyọ̀, àlùbọ́sà tàbí Maggi sí i, nítorí àlùbọ́sà máa ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń gé e wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ẹ̀wà kan. Olùkọ́ náà ń fi èdè Òyìnbó pàṣẹ fún ajá, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí a yí i sí Yorùbá, nítorí bí mo bá ń bínú tàbí tí ẹ̀rù ń bà mí, Yorùbá ni yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu mi. Ó gbà láìjanpata. “Wò mí” ni a fi ń pe ojú rẹ̀. “Ẹ̀gbẹ́” ni a fi ń pe é wá sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọ̀rọ̀ tó sì ń sọ fún un pé ó ṣe é dáadáa, tí iwe sì ń tẹ̀ lé kíákíá, ni “Káre!”

Ọ̀rọ̀ “Káre” yìí ni ó gba mí ní àkókò jù lọ láti kọ́. Olùkọ́ náà ní kí n sọ ọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá náà gan-an tí ajá bá gbé ojú sókè wò mí, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti tún gbé ojú kúrò. Bí mo bá pẹ́, ohun mìíràn ni mo ń yìn. Ọjọ́ kejì, mo sọ “Káre” lẹ́yìn tí ojú rẹ̀ ti kúrò lára mi lọ sí ara aláǹgbá tó wà lórí ògiri, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó sì fi ń wo aláǹgbá náà, tó ń yí orí padà wò mí pé iwe òun dà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí a bá ti fún un ní iwe ṣe pàtàkì. Ẹ̀gbẹ́ itan òsì mi, níbi ojú rírán ṣòkòtò, ni mo gbọ́dọ̀ mú un sí, kí ibẹ̀ lè di ibi tó dùn jù lọ fún un ní gbogbo ayé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni a ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Ó ní ọkàn ajá máa ń rẹ̀ ṣáájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ìbẹ̀wò kẹta ni ó jẹ́ kí n gbà pé mo ti rí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì funfun jáde nínú báàgì, ó ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, ó sì ní kí n mú ajá lọ sí ìsàlẹ̀ ọgbà, níbi tó jìnnà sí títì jù. Ilé wa gùn díẹ̀ sẹ́yìn, nítorí náà ìṣísẹ̀ 14 wà láàárín ibi tí mo dúró sí àti ẹnu géètì. Kẹ̀kẹ́ kan kọjá. Tanímọ̀la gbé etí sókè, ó wò ó, mo ní “Wò mí,” ó sì yí orí padà. Káre, iwe. Olùkọ́ náà fi ṣọ́ọ̀kì fa ilà síbẹ̀. Ó ní kí n sún síwájú ní ìṣísẹ̀ márùn-ún. Kẹ̀kẹ́ mìíràn kọjá, nígbà yìí ẹnu ajá náà pa dé, etí rẹ̀ méjèèjì na síwájú, ara rẹ̀ tẹ̀ sórí ẹsẹ̀ iwájú, mo sì gbé iwe sí i ní imú gan-an, kò jẹ ẹ́. Iwe tó máa ń jẹ bíi pé kò jẹun láti àná ni ó bọ́ sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì tí kò sì mọ̀. Olùkọ́ náà ní, “Màmá, ẹ rí i? Kò sí níbí mọ́. Ẹ má pè é, ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn.” A padà sí ilà funfun, lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì ni ó tó wá iwe náà kiri.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé gbogbo nǹkan tó ń gba ọkàn ajá ní ìwọ̀n jíjìnnà tirẹ̀. Kí ó tó dé ìwọ̀n náà, ajá lè kọ́ nǹkan. Bó bá ti kọjá rẹ̀, kò sí ẹ̀kọ́ tó lè wọlé, ìyà náà kò sì lè wọlé. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti wá ìwọ̀n yìí rí, kó sì máa sún un díẹ̀díẹ̀. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kejì, ilà funfun wa ti di ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó di mẹ́fà, ní ọ̀sẹ̀ kẹrin a dúró ní ẹnu géètì gan-an. Ilẹ̀ ọgbà mi kún fún ilà ṣọ́ọ̀kì bí ilé ìwé. Lára ohun tó dùn mọ́ mi nínú jù ni pé ìkùnmọ́ tí ajá yìí ń kùn mọ́ kẹ̀kẹ́ lọ sílẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni bá a wí. Nígbà tí ìró kẹ̀kẹ́ ti di ohun tó ń ṣáájú iwe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ, ó sì ń yí ojú sí mi fúnra rẹ̀.

Ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jáde sí títì, ìṣẹ́jú 12 ni a fi rìn kọjá iwájú ilé mẹ́ta. Òfin kan ṣoṣo ló wà: bí okùn bá dẹ̀, a ń lọ, bí okùn bá fà le, mo dúró gbagidi bí òpó iná, n kò fà á, n kò sọ̀rọ̀, títí yóò fi yí orí padà tí okùn á tún dẹ̀. Bó bá fà ní ẹ̀ẹ̀mẹta léra, a yí padà, a sì gba ibi tí a ti wá lọ. Àwọn ènìyàn ń wò mí. Ọmọkùnrin kan tó ń ta búrẹ́dì béèrè bóyá ó rẹ̀ mí ni. Ṣùgbọ́n olùkọ́ náà wà lẹ́yìn mi ní ìṣísẹ̀ méjì, ó ń sọ jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ má gbé ẹsẹ̀, Màmá, ẹ má gbé ẹsẹ̀,” n kò sì gbé e. Ibi tí okùn bá ti dẹ̀ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ó kọ́ mi láti sọ pé “Ó yá, gbóòórùn,” kí n sì jẹ́ kí ajá náà fi imú tú ẹsẹ̀ ògiri tàbí ìdí òpó fún ìṣẹ́jú kan. Fún ajá tó ní imú bí i tirẹ̀, iwe kò dùn tó èyí, ó sì jẹ́ kí ohun tó ń gba ọkàn rẹ̀ tẹ́lẹ̀ di owó ọ̀yà tí a ń san fún un.

Ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò náà wà níbẹ̀. Alhaji tó ń gbé ní ìdojúkọ wa máa ń ti mọ́sáláṣí bọ̀ ní àsìkò tí a ń jáde, kò sì fẹ́ kí itọ́ ajá kan aṣọ tí ó fi kírun, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá rí i lókèèrè, ẹ̀rù ni ó máa ń bà mí. Olùkọ́ náà kọ́ wa láti yà sí òdìkejì títì, kí ajá jókòó sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi, kí n sì máa fún un ní iwe lẹ́yọ lẹ́yọ títí Alhaji yóò fi kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Alhaji dúró kí mi, ó ní, “Ìyáàfin, ajá yín ti ní ọgbọ́n o.” N kò lè sọ bí inú mi ṣe dùn tó.

Olùkọ́ náà kò gbà láti wá ní ọ̀sán rárá. Ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ lé ọ̀dà títì ní ọjọ́ kan ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò lè mú un síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ó sì ní bí ọwọ́ ènìyàn kò bá lè gbà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá á bó. Ajá kì í làágùn bí a ti ń làágùn. Mímí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀ ni ó fi ń tu ara rẹ̀ lára, oòrùn Èkó sì lè pa á kí ènìyàn tó fura. A sún iṣẹ́ ọjọ́ náà sí aago mẹ́fà ààbọ̀, kò sì gba owó lé e.

Àléébù iṣẹ́ náà wà, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ó pẹ́ ju ogójì ìṣẹ́jú lọ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ìkòròdú Road. Lẹ́ẹ̀kan nínú rẹ̀, kò pè mí. ₦2,000 ni ó tún ń gbà lé owó ìbẹ̀wò fún ọkọ̀, kò sì sọ ọ́ fún mi títí di ìgbà tí mo san owó àkọ́kọ́. ₦14,000 ni ìyẹn di nígbà tí ó parí, ó sì yẹ kí ó ti wà nínú ohun tí a jọ sọ. Kò fún mi ní ìwé kankan tí mo lè máa wò lẹ́yìn tó bá lọ. Èmi ni mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìdáná mi lálẹ́, ẹni tí kò bá lè kọ ọ́ á gbàgbé ìdajì rẹ̀.

Àṣìṣe tó ga jù ni ti ìbẹ̀wò karùn-ún. Nítorí pé a ti ṣe dáadáa ní àdúgbò wa, ó ní kí a lọ sí Adéníran Ògúnsànyà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ibẹ̀ kún fún ọkọ̀, ẹ̀rọ orin, àwọn tó ń ta àgbàdo àti ènìyàn tó ń ti ara wọn. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta tí Tanímọ̀la ti padà di ajá oṣù Kejì. Ó fà, ó gbó, kò jẹ iwe, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n nítorí orúnkún mi. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni ó gbà wá kí a tó padà sí ibi tí a wà tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ náà gbà pé òun ló kánjú, ó tọrọ àforíjì, kò sì gba owó ìrìnnà ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó mú ṣọ́ọ̀kì wá sí ọgbà mi kò yẹ kó ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mo rí gbà fún owó mi, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe wọ̀n ọ́n. Láti géètì wa dé ilé olóògùn tó wà ní ìparí òpópónà, mo ń ka iye ìgbà tí okùn bá fà le. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a rin gbogbo ọ̀nà náà já, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógójì ni. Ní ìparí ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó di ẹ̀ẹ̀mẹfà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀ẹ̀mẹta ni, mo sì mú okùn náà pẹ̀lú ìka méjì. Iwe kò sí ní gbogbo ìṣísẹ̀ mọ́. Olùkọ́ náà kọ́ mi láti máa fún un ní ìgbà tí kò lè rò tẹ́lẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́rin, nígbà mìíràn lẹ́yìn ogún, ó sì máa ń wò mí sí i nítorí náà.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ fún wa, ilé wa gan-an ló sì ti wá. Ọmọ ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 14 wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, òun ni ó sì ń mú ajá jáde ní ìrọ̀lẹ́. Ó jẹ́ kí ó máa fa òun, ó ní eré ni. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ìwọ̀n mi padà sí ẹ̀ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Fífà tó ń mú èrè wá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sì mú un wá nígbà mìíràn, ni ó máa ń ṣòro jù láti parẹ́ lára ajá, torí kò mọ ìgbà tí yóò tún ṣeé ṣe. Mo pe ọmọ náà jókòó, mo sì kọ́ òun náà ní “Káre” àti “Ẹ̀gbẹ́.” Ẹni tó bá fẹ́ san owó fún irú iṣẹ́ yìí, kí gbogbo ará ilé tó ń di okùn mú jókòó sí ìbẹ̀wò àkọ́kọ́, títí kan ọmọ ọ̀dọ̀ àti ẹni tó ń ṣọ́ géètì.

N kò lè gba ẹni tí ajá rẹ̀ ti bu ènìyàn jẹ níyànjú láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú olùkọ́ yìí; dókítà ẹran ni ó yẹ kí irú ajá bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ rí, olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n fún ajá tí inú rẹ̀ dára tí ọkàn rẹ̀ sì ń lọ síbi gbogbo, àti fún olówó ajá tó ṣe tán láti yọ ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, owó náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìṣẹ́jú náà, kó tọ́jú ₦96,000 rẹ̀, torí kò sí olùkọ́ tó lè fi ìbẹ̀wò mẹ́jọ ṣe é fún un.

Ewúrẹ́ àti àgbò ni ó kù wá kù. Iléyá ti ń sún mọ́, wọ́n ti ń so àgbò mọ́ ìdí igi àti ẹnu géètì káàkiri, láti Lawanson dé ọ̀dọ̀ wa, bí Tanímọ̀la bá sì gbọ́ òórùn wọn, iwe kò já mọ́ nǹkan lójú rẹ̀ ní ogún ìṣísẹ̀. Mo ti san owó ìbẹ̀wò méjì sí i. Ọjọ́ Sátidé ni olùkọ́ náà ń bọ̀, ó sì ní kí n ra ṣọ́ọ̀kì tuntun sílẹ̀.